Ilé Tó Jó, Iwájú Tó Kù

Lẹ́tà náà ti wà nínú báàgì mi fún ọjọ́ mọ́kànlá kí n tó gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Kì í ṣe pé mi ò ráyè o. Ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ máa ń já mi sílẹ̀ ní O'Connell Street, ní àárín gbùngbùn Dublin, ibi tí mo sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ kò jìnnà rárá sí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé e.

Ìwé ẹbí ni. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lórí WhatsApp pé kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n fọwọ́ sí i, kí n sì fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Lọ́yà ní òun ò fẹ́ àwòrán orí fóònù, ìwé tí bírò kàn gan-an ni òun fẹ́. Wọ́n fẹ́ wó ilé bàbá àgbà ní Òjé. Wọ́n fẹ́ kọ́ tuntun síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, fúláàtì lókè. Ọmọ mẹ́fà ni bàbá àgbà bí. Kálukú wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó bá sì ti kú nínú wọn, ọmọ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i fún un. Márùn-ún ti fọwọ́ sí i. Àyè kẹfà tó ṣófo, àyè bàbá mi ni. Bàbá mi ti dolóògbé, èmi sì ni àkọ́bí.

Mo ti fọwọ́ sí i láti ọjọ́ kejì tó dé. Fífi ránṣẹ́ ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ìfìwéránṣẹ́ yìí ṣe rí fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé ibẹ̀. GPO ni gbogbo ará Dublin ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé kọ́ọ̀tù ni, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn olówó. Gígùn iwájú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 220, àjà mẹ́ta ló ní, akọ òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Àmọ́ ní àárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá kan yọ síta dé ojú ibi tí èèyàn ń rìn. Òkúta funfun tí wọ́n kó wá láti Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe èyí. Òpó mẹ́fà ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ró, wọ́n fín ìlà sí wọn lára láti òkè dé ilẹ̀, orí òpó kọ̀ọ̀kan sì ká kọ́ńdọ́ bí ìwo àgbò. Bí òjò bá ń rọ̀ (òjò kì í sì í pẹ́ rọ̀ ní Dublin), abẹ́ òpó wọ̀nyẹn ni gbogbo wa ń sá sí: ọmọ ilé ìwé, alágbe, ẹni tó ń dúró de olólùfẹ́ rẹ̀, àti èmi.

Francis Johnston ni ayàwòrán ilé tó ya á. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1814 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1818. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni Ireland wà. Àmì ọba náà ni wọ́n fín sí iwájú òrùlé onígun mẹ́ta tó wà lórí àwọn òpó náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ lè mọ ẹni tó ni ojú ọ̀nà. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sábà máa ń sanwó rẹ̀. Ọdún 1840 ni sítáǹbù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹni tó ń kọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó sílẹ̀. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀: apínlẹ́tà á dé ẹnu ọ̀nà rẹ, wàá sì pinnu bóyá ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ tó owó tó ń bèèrè. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni WhatsApp rí, ọ̀rọ̀ ì bá dínkù láyé.

Lókè téńté, ère mẹ́ta ló dúró, iṣẹ́ ọwọ́ John Smyth. Èyí tó wà láàárín ni Hibernia, obìnrin tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ ilẹ̀ Ireland, ó fara ti ọ̀kọ̀, ó mú háàpù dání. Lápá kan, Ìṣòótọ́ ló wà níbẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ajá sì jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Lápá kejì ni Mercury wà pẹ̀lú ọ̀pá àti àpò owó. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní òun ni òjíṣẹ́ àwọn òrìṣà, pé òun náà ló ni ọjà àti ojú ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Ta ni àwa náà mọ̀ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tó jókòó sí oríta, tọ́jà ò sì gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Èṣù ni wọ́n gbé sórí póòsù ọ́fíìsì tí wọn ò mọ̀.

Bàbá Kékeré ló kọ́ wa pé àwa náà ní ìfìwéránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Àrokò. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tó fi rán ọmọ sí ọ, ẹfà ni, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, èrò yín jọ. Kò sí sítáǹbù, kò sí àdírẹ́sì, ọmọ tó gbé e kò sì mọ ohun tó gbé. Nígbà tí a wà ní kékeré, ó máa ń fi èso ògbó dán wa wò ní àgbàlá, ẹni tó bá gbà á á ní kẹ́ẹ̀kì.

Àmọ́ kì í ṣe lẹ́tà ló sọ ilé GPO di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Iná ni.

Ní Ọjọ́ Ajé Ọdún Àjíǹde, ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1916, àwọn èèyàn ń ra sítáǹbù lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ajàjàgbara ya wọlé pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde. Wọ́n fọ́ gíláàsì fèrèsé, wọ́n kó àpò sí ojú ihò, wọ́n sọ ibẹ̀ di olú-iléeṣẹ́ ìjà. Patrick Pearse, olùkọ́ tó tún jẹ́ akéwì, jáde síwájú ilé náà, ó ka ìwé ìkéde kan fún ìwọ̀nba èèyàn tó dúró: Ireland ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ kọbi ara sí i. Ẹni méje ló fọwọ́ sí ìwé ìkéde náà. Mo tún orí gbólóhùn yẹn kà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, torí ìwé ìfọwọ́sí tèmi wà nínú báàgì lórí ẹsẹ̀ mi. Àwọn méje yẹn, gbogbo wọn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa.

Ọ̀sẹ̀ kan ni ìjà náà gbà. Ìbọn ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò sórí òpópónà náà, iná mú àwọn ilé tó yí i ká, ó sì mú òrùlé GPO. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ẹtì, inú ilé ti di iléru. Wọ́n sá gba Moore Street lọ, wọ́n ń gbé James Connolly, tí ọta ìbọn ti fọ́ lẹ́sẹ̀, lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n túúbá. Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n to àwọn aṣáájú wọn sí ara ògiri ẹ̀wọ̀n Kilmainham, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Connolly kò lè dúró, àga ni wọ́n dè é mọ́ kí wọ́n tó yìnbọn fún un. Ẹni tó gbẹ̀yìn wọn, Roger Casement, wọ́n so ó kọ́ ní London lóṣù Kẹjọ. Ọkùnrin yẹn ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí ní agbègbè Calabar, láyé 1890 síwájú. Bí ayé ṣe kéré tó nìyẹn.

Nígbà tí èéfín lọ tán, kí ló kù nínú GPO? Iwájú rẹ̀. Ìyẹn nìkan. Òrùlé ti lọ, àjà ti lọ, káńtà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ti lọ. Àmọ́ àwọn òpó mẹ́fà yẹn dúró, akọ òkúta ẹ̀gbẹ́ wọn dúró, àwọn ère mẹ́ta sì ń wo ojú pópó bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, a sì máa ń sọ ọ́ ní kíákíá fún ẹni tí nǹkan bá ṣe. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye ọdún. Ọdún mẹ́tàlá ni GPO fi jẹ́ awẹ́ ilé. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì jà, wọ́n gba ìjọba ara wọn, wọ́n sì tún bá ara wọn jà, ìjà abẹ́lé tó tún fọ́ òpópónà kan náà yẹn. Ọdún 1929 ni wọ́n tó ṣí ilé náà padà. Wọ́n ì bá wó iwájú ilé yẹn. Àwọn amúnisìn ló kọ́ ọ, àmì ọba ló wà lórí rẹ̀. Wọn ò wó o. Àmì ọba nìkan ni wọ́n gé kúrò, wọ́n wá kọ́ ilé tuntun pátápátá sẹ́yìn iwájú àtijọ́ náà, wọ́n fi ọ̀nà ìtajà gba ibì kan kọjá, wọ́n sì kó rédíò ìjọba sí i nínú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe àpótí lẹ́tà ìgboro. Pupa ni Gẹ̀ẹ́sì kùn wọ́n. Ìjọba tuntun kò hú wọn dànù, owó dà? Ọ̀dà àwọ̀ ewé ni wọ́n kàn fi kùn wọ́n. Títí di òní, bí o bá sún mọ́ àwọn tó ti pẹ́, wàá rí àmì Ọbabìnrin Victoria tàbí Ọba Edward tó hù lábẹ́ ọ̀dà náà. Mo fẹ́ràn wọn ju gbogbo ère ìlú yẹn lọ. Wọ́n gbà pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀ kí àwọn tó dé, wọ́n kàn ní àwọn ló ń lò ó báyìí.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ilé bàbá àgbà ní òpó mẹ́rin níwájú. Orí wọn náà ká bí ìwo àgbò. Bíríkìlà tó ṣe é kò gbọ́ orúkọ Gíríìkì rí, àmọ́ àwọn Àgùdà tó padà dé Èkó láti Brazil ló mú irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ wá, òun ló sì rìn díẹ̀díẹ̀ wọ àwọn ìlú òkè títí tó fi dé ọwọ́ àwọn bíríkìlà Ìbàdàn. Níwájú orí ilé náà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ 1938 gàdàgbà. Oníṣòwò kòkó ni bàbá àgbà, kò mọ̀wé. Bí lẹ́tà bá ti posófíìsì dé, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, yóò wá pe bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé kó jókòó sí ìdí òpó kejì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó kà á sókè. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti di ọ̀mọ̀wé, ó sọ ọ́ fún wa títí ó fi kú. Mo sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó o.

Lọ́jọ́ kọkànlá, mo dé inú GPO, mo tò sórí ìlà, ó ku ẹni méjì kó kàn mí, mo bá kúrò. Mo lọ dúró níwájú ère Cú Chulainn tó wà ní fèrèsé, èyí tí Oliver Sheppard ṣe. Ọdún 1935 ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún ìrántí àwọn tó kú ní 1916. Jagunjagun inú ìtàn wọn ni. Nígbà tó mọ̀ pé òun máa kú, ó fi okùn de ara rẹ̀ mọ́ òkúta kó lè kú lóòró. Àwọn ọ̀tá ò gbà pé ó ti kú, àfìgbà tí ẹyẹ ìwò bà lé e léjìká. Mo dúró síbẹ̀, mo ronú nípa ògiri tó ń kú lóòró, mo jáde, mo pe Bàbá Kékeré.

Mo ní, “Ẹ kúrọ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò lè fi iwájú ilé yẹn sílẹ̀, ká kọ́ tuntun sẹ́yìn rẹ̀?” Mo sọ ìtàn GPO fún wọn láti orí dé ìdí. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọn ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù.

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òkúta ni tiwọn. Amọ̀ ni tiwa. Sìmẹ́ńtì tí o rí yẹn, ẹ̀wù ni. Lọ́dún tó kọjá, ògiri ẹ̀yìn ya lulẹ̀ lóru, díẹ̀ ló kù kó pa ọmọ ayálégbé. Ìwọ kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù.” Wọ́n sinmi díẹ̀. “Ẹni tó wà lókè òkun ló ń fẹ́ kí ògiri dúró. Àwa tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ sùn.”

Mi ò ní èsì. Mo ní mo ti gbọ́ sà. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń ka nǹkan nípa ilé yẹn lọ lórí fóònù, bóyá mò ń wá ohun tí mo máa fi dá bàbá lóhùn. Ohun tí mo rí dá èmi gan-an lóhùn. Nínú ère mẹ́ta orí òrùlé GPO, méjì kì í ṣe ojúlówó mọ́. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti jẹ Mercury àti Ìṣòótọ́, wọ́n ti ṣe àwòkọ wọn rọ́pò. Ìṣòótọ́ fúnra rẹ̀, àwòkọ ni! Gbogbo ìgbà tí mo ń gbójú sókè pé ìwọ̀nyí rí iná 1916, Hibernia nìkan ló rí i. Ohun tí mo rò pé ó dúró láìyẹsẹ̀, àwọn èèyàn ló ń pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè máa dúró. Wọ́n mọ èyí tó lè dúró, wọ́n mọ èyí tí kò lè dúró, wọn ò sì sunkún lórí ìyẹn.

Mo pe Bàbá Kékeré padà lọ́jọ́ kejì. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ògiri mọ́. Mo béèrè bóyá bíríkìlà lè fi sùúrù gé 1938 yẹn jáde kí katakata tó dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣó o rò pé ìwọ nìkan lo ní bàbá? A ti sọ ọ́ nípàdé. Bó bá jáde láìfọ́, iwájú ilé tuntun ló ń lọ. Bó bá fọ́, a ó ṣe irú rẹ̀. Ilẹ̀kùn òkè náà, mo ti ní kí wọ́n tú u.”

Ẹbí mi ti ṣe ìpàdé GPO tiwọn kí n tó mọ̀. Èmi ni mo gbé e lérí bí ẹni pé mo nìkan ló rántí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo padà sí káńtà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wọn lẹ́tà náà, ó bi mí bóyá sítáǹbù kan ni kí òun lẹ̀ mọ́ ọn tàbí kéékèèké. Mo ní kéékèèké. Ó ní mélòó? Mo ní bó bá lè jẹ́ mẹ́fà. Ó ṣírò rẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe, owó ẹ̀ á kàn lé díẹ̀. Mo ní kò burú. Mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ wọ́n, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo jáde ni mo tó gbójú sókè ka òpó. Mẹ́fà ni àwọn náà. Ihò kéékèèké wà lára wọn, tí wọ́n ní ojú ọta ìbọn ni. Mo fi ìka kan ọ̀kan, ó tutù, òjò ti wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà náà dé, Bàbá Kékeré fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. “A ti rí ìwé rẹ gbà o. Lọ́yà ti mú tiẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí o lẹ sítáǹbù jọ bí ẹni tó ń lẹ pósítà ìbò? Àbí owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ yín níbẹ̀ ni?” Mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ Òjé lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ òòlù tó ń dún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi sùúrù gé nǹkan. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, “Mo kà wọ́n.”